Ìgbọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ girama ní Douala: Kí ló dé tí owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò fi tó?

Bí ọmọ kan bá wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní ìlú Douala, tó sì fi ọdún méje parí rẹ̀ láìtún kíláàsì kankan kà, àròpọ̀ owó tí ìjọba Kamẹrúùnù là kalẹ̀ pé kí ó san láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn jẹ́ 60,000 owó sẹ́fà. Iye yìí kò ju owó oṣù kan lọ fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, gẹ́gẹ́ bí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ṣe tún un ṣe ní 2023.

Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé, tí wọ́n ti yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń jókòó sílé nítorí àìlówó. Àwọn mìíràn a bẹ̀rẹ̀, wọn a sì fi ìwé sílẹ̀ ní agbede méjì láti lọ kiri ọjà tàbí láti lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò fẹ́. Ìdí ni pé owó tí ìjọba ń gbà ni ó kéré jù nínú gbogbo ìnáwó tó wà lórí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fẹ́ gbé bùkátà irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ilé ìjọsìn, tàbí àjèjì tí àánú ṣe. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ètò ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, ibi tí owó ń gbà lọ, ibi tí ọmọ ti sábà máa ń jábọ́, àti ohun tí onígbọ̀wọ́ ní láti mọ̀ kí ó tó ṣèlérí fún ọmọ ẹlòmíràn.

Irú ìlú wo ni Douala?

Douala ni ìlú tó tóbi jù lọ ní Kamẹrúùnù, òun sì ni olú ìlú ẹkùn Littoral. Ó wà ní etí odò Wouri. Èbúté rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà tó ń wọ orílẹ̀-èdè náà láti orí omi ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Chad àti Central African Republic ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá a wá láti ibi gbogbo.

Ìtàn àdúgbò New Bell fi èyí hàn. Ní 1914, ìjọba Jámánì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà fipá gba ilẹ̀ àwọn Duala tó wà létí odò, wọ́n sì yẹgi fún ọba wọn, Rudolf Duala Manga Bell, tó tako ìgbésẹ̀ náà. New Bell wá di ibùgbé àwọn àlejò tó wá ṣiṣẹ́ ajé, àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà sì wà lára wọn. Títí di òní, New Bell, Bépanda, àti Bonabéri tó wà ní òdìkejì odò, wà lára àwọn àdúgbò tí mẹ̀kúnnù pọ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí kì í gba owó oṣù. Wọ́n ń wa ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní bendskin níbẹ̀. Wọ́n ń ru ẹrù ní ọjà. Wọ́n ń yan ẹja, wọ́n sì ń ta ẹ̀wà létí títì. Ohun tí wọ́n rí lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́. Ìṣòro tó kọ́kọ́ dojú kọ wọn ni pé díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè owó.

Báwo ni ètò ẹ̀kọ́ girama ṣe rí ní Kamẹrúùnù?

Nítorí pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣàkóso ilẹ̀ náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ètò ẹ̀kọ́ méjì ló ń rìn pọ̀ níbẹ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti oṣù Kẹrin 1998 fi ìdí àwọn méjèèjì múlẹ̀. Douala wà ní apá ibi tí èdè Faransé ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì àti ti elédè méjì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ẹ̀ka Faransé, ọmọ yóò lo ọdún mẹ́rin ní ìpele kìíní, yóò sì ṣe ìdánwò BEPC ní ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò lo ọdún mẹ́ta ní ìpele kejì. Láti ọdún pípẹ́ ni ìdánwò Probatoire ti ń dúró de ọmọ ní ọdún kejì ìpele yìí, tí Baccalauréat sì ń dúró dè é ní ọdún kẹta. Ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ọdún márùn-ún ni ìpele kìíní, GCE Ordinary Level ló sì ń parí rẹ̀. Ìpele kejì jẹ́ ọdún méjì, Advanced Level ni òpin rẹ̀. Àjọ tó ń ṣètò ìdánwò GCE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, wà ní ìlú Buea. Ọ̀nà yòówù kí ọmọ gbà, ọdún méje ni ìrìn àjò náà.

Ọ̀nà kẹta náà wà, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ẹ̀ka Faransé, ọmọ tó bá lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀rí CAP nínú iṣẹ́ bíi iná mànàmáná, ìkọ́lé tàbí àtúnṣe ọkọ̀. Ní ìlú tí èbúté àti ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí bíi Douala, irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fojú di.

Èló ni ìjọba ń gbà, èló sì ni òbí ń ná?

Ní 2000, Ààrẹ Paul Biya kéde pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kò ní gba owó ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ìkéde náà kò kan ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìlànà ìjọba ni pé kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba máa san 7,500 sẹ́fà lọ́dún ní ìpele kìíní, kí ó sì máa san 10,000 ní ìpele kejì. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ẹ̀ka Faransé, ọdún mẹ́rin jẹ́ 30,000, ọdún mẹ́ta sì jẹ́ 30,000. Ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 57,500. Ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ga díẹ̀: 10,000 lọ́dún ní ìpele kìíní àti 15,000 ní ìpele kejì, èyí tó jẹ́ 85,000 fún ọdún méje.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mú owó yìí nìkan lọ́wọ́ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ọmọ rẹ̀ kò tíì wọlé. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń bẹ, iye rẹ̀ kò sì dọ́gba láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Òun ni wọ́n fi ń tún àga àti yàrá ìkàwé ṣe, tí wọ́n sì fi ń san owó àwọn olùkọ́ tí ìjọba kò gbà síṣẹ́. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ, bàtà ń bẹ, ìwé kíkà àti ìwé ìkọ̀wé ń bẹ. Owó ọkọ̀ ń bẹ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ìlú tóbi, ilé ẹ̀kọ́ tó gba ọmọ sì lè jìnnà sílé. Oúnjẹ ọ̀sán ń bẹ. Ní ọdún ìdánwò, owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó lẹ́sìnnì tún gun orí rẹ̀.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, yálà ti ìjọ Kátólíìkì, ti Pùròtẹ́sítáǹtì, ti Mùsùlùmí tàbí ti ẹni tó dá a sílẹ̀ fún òwò, ń gba owó tó pọ̀ ju ti ìjọba lọ fíìfíì. Àwọn onígbọ̀wọ́ kan fẹ́ràn wọn nítorí pé ọmọ kì í pọ̀ jù nínú kíláàsì. Kò sí ohun tó burú nínú èyí, bí agbára onígbọ̀wọ́ bá ká a títí dé òpin. Bí kò bá ká a, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọdún méje sàn ju ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi fún ọdún méjì lọ.

Kí ló dé tí oṣù Kẹsàn-án fi máa ń le?

Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Oṣù náà ló sì ń tẹ̀ lé ìgbà tí òjò pọ̀ jù lọ. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju mílímítà 3,500 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po méjì òjò Èkó, oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni ó sì máa ń le jù. Omi a máa ya wọ ilé ní àwọn àdúgbò tó wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń pàtẹ létí títì kò ní rí ọjà tà dáadáa, ọlọ́kadà kò ní rí èrò gbé bó ṣe yẹ. Ìgbà tí owó kò wọlé gan-an ni owó ilé ẹ̀kọ́ ń kan ilẹ̀kùn.

Àwọn ará ìlú náà ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Àjọ tí à ń dá nílẹ̀ Yorùbá, tàbí èsúsú, ni wọ́n ń pè ní njangi ní apá elédè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní tontine. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣètò rẹ̀ kí owó lè bọ́ sí ọwọ́ àwọn òbí ní oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án. Onígbọ̀wọ́ tó bá fi owó ránṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ti pẹ́ jù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá ọmọ náà padà sílé ní ẹ̀ẹ̀melòó kan, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi í sílẹ̀ lẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí: ìdènà tí owó ilé ẹ̀kọ́ kò lè ṣí

Ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kò lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìjọba bó ṣe yẹ. Ní Kamẹrúùnù, ìṣòro yìí kan ọ̀pọ̀ ọmọ. Òbí tó bímọ sílé, tó sá kúrò nílùú, tàbí tí kò mọ̀ pé ọjọ́ wà fún ìforúkọsílẹ̀, lè má fura títí ọmọ yóò fi dé kíláàsì ìkẹyìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí àkókò tí òfin fún wọn bá sì ti kọjá, ọ̀rọ̀ náà lè dé ilé ẹjọ́ kí ìwé tó jáde. Èyí ń gba owó, ó sì ń gba àkókò.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí onígbọ̀wọ́ bi alágbàtọ́ ọmọ ni pé: ǹjẹ́ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà, ṣé orúkọ tó wà nínú rẹ̀ sì bá èyí tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ mu? Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú orúkọ lè di wàhálà ní ọjọ́ ìdánwò.

Níbo ni ọmọ ti máa ń jábọ́?

Ọdún ìdánwò ni ewu pọ̀ sí jù. Ọmọ tí kò bá yege Probatoire kì í lè wọ kíláàsì ìkẹyìn. Yóò tún ọdún náà kà ni. Bí onígbọ̀wọ́ bá ti ṣe ìlérí ọdún méje géérégé, tí ọmọ sì ní láti lo ọdún mẹ́jọ, ibi tí ìrànwọ́ ti gé nìyẹn. Ọmọ tó sì dúró ní ọdún kẹta kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ju èyí tó ti gbà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti náwó lé e lórí fún ọdún mẹ́ta. Nítorí èyí, ẹni tó bá ń ṣírò, ọdún mẹ́jọ ni kó ṣírò.

Àwọn ọmọbìnrin ní ewu tiwọn. Bí owó kò bá tó, ọmọkùnrin ni àwọn ilé kan ń yàn láti rán lọ. Oyún ti lé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kúrò nílé ẹ̀kọ́ rí, kí ìjọba tó gbé ìlànà tuntun jáde ní 2022 pé ọmọbìnrin tó lóyún lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ títí dé àkókò kan, kí ó sì padà lẹ́yìn tó bá bímọ. Ìlànà náà yóò wúlò fún ọmọ tí ẹnì kan bá tún ń san owó rẹ̀ nígbà tó bá padà dé.

Àwọn ọmọ tí ogun lé wá náà wà níbẹ̀. Láti ìparí 2016 ni rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn Northwest àti Southwest tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó wà ní títì fún ọdún mélòó kan, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá 2020, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Kumba, wọ́n sì pa àwọn ọmọdé nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ìdílé sá wá sí Douala, pàápàá sí Bonabéri tó wà lójú ọ̀nà tó ti ẹkùn Southwest wá. Àwọn ọmọ mìíràn nínú wọn ti dàgbà ju kíláàsì tí wọ́n wà lọ, ìwé wọn sì ti sọnù lójú ọ̀nà. Irú wọn nílò sùúrù ju owó lọ nígbà mìíràn.

Ǹjẹ́ ìgbọ̀wọ́ máa ń so èso?

Ìwádìí méjì ló ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ 2,064 tó ti yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ṣùgbọ́n tí owó kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ní 2008, wọ́n fi ìbò yan 682 nínú wọn, wọ́n sì san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ìpín àwọn tó parí ẹ̀kọ́ láàárín wọn fi ohun tó ju ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ga ju ti àwọn tí ìbò kò mú. Àwọn tó rí ìrànwọ́ gbà mọ ìwé àti ìṣirò jù, àwọn ọmọbìnrin inú wọn kò sì tètè bímọ bíi ti àwọn yòókù.

Ìwádìí kejì, tí Bruce Wydick, Paul Glewwe àti Laine Rutledge gbé jáde ní 2013, wo àwọn tí àjọ Compassion gbọ̀wọ́ wọn ní kékeré ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Kenya àti Uganda wà lára wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà kàwé fi ọdún kan ó lé díẹ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, àǹfààní wọn láti parí ẹ̀kọ́ girama sì fi ìpín 12 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù.

Ohun tó pa ìrànwọ́ méjèèjì pọ̀ ni pé wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ìrànwọ́ tó tọ́jọ́ ni wọ́n wọ̀n, èso rẹ̀ sì ni wọ́n rí.

Kí ni kí onígbọ̀wọ́ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò gbogbo ọdún náà kí ẹ tó ṣèlérí. Bí ẹnì kan kò bá lè dá a ṣe, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún pawọ́ pọ̀ gbé bùkátà ọmọ kan, kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan má baà dá ọmọ náà dúró. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ san owó tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó sísan. Ó ti ṣeé ṣe báyìí láti san owó ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba láti orí fóònù. Owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ni kí ẹ fi lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ pé ó kéré, nítorí pé ebi àti ìrìn àjò gígùn ti lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ju owó ìforúkọsílẹ̀ lọ ní ilé mìíràn.

Ẹ béèrè èsì ẹ̀kọ́ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti fi dẹ́rù ba ọmọ, bí kò ṣe láti tètè mọ̀ bí ó bá ń fà sẹ́yìn. Ọmọ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ju ìwé lọ, ẹ jẹ́ kí ó gba ọ̀nà CAP. Àbùkù kọ́ ni.

Ẹ dáàbò bo iyì ọmọ. Kò yẹ kí wọ́n máa gbé àwòrán rẹ̀ kiri láti fi tọrọ owó, kò sì yẹ kí ó di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Àjọ tó bá fẹ́ gba owó yín gbọ́dọ̀ lè sọ bí ó ṣe ń yan ọmọ, bí ó ṣe ń dáàbò bò ó, àti ohun tí yóò ṣe bí onígbọ̀wọ́ bá dáwọ́ dúró. Lára àwọn àjọ ńlá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọmọdé ní Douala ni SOS Children's Villages, tí Hermann Gmeiner dá sílẹ̀ ní Austria ní 1949.

Ṣé ìjọba kọ́ ló yẹ kó ṣe é?

Àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, láti 1979 sì ni àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso ti sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Gánà sọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà di ọ̀fẹ́ ní 2017. Òfin ìwà ọ̀daràn Kamẹrúùnù ti 2016 tilẹ̀ fi ìjìyà lélẹ̀ fún òbí tó ní owó ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Òbí tí kò ní ni òfin náà kò lè ràn lọ́wọ́.

Títí òfin yóò fi dé ọ̀dọ̀ òbí yẹn, ìbátan, ẹgbẹ́ àti onígbọ̀wọ́ ni yóò máa dí àlàfo náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ dí i fún ọmọ kan ní Douala lọ́dún yìí kò gbọdọ̀ dúró de oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹfà, nígbà tí èsì ìparí ọdún bá jáde, ni kí ó ti jókòó pẹ̀lú alágbàtọ́ ọmọ náà, kí wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wò, kí wọ́n sì ka ọdún tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.